Ìlẹ̀kẹ̀ àti Àpáàdì Igbó Olókun: Ohun tí Dígí Ń Sọ fún Wa nípa Ifẹ̀ Àtijọ́

Ìbà Olódùmarè. Ìbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. Ìbà Odùduwà. Ìbà Olókun Ṣẹ̀níadé, ẹni tí ọ̀rọ̀ òní kàn gbọ̀ngbọ̀n. Ìbà ẹ̀yin ìyá wa. Ìbà àwọn àgbà awo tí wọ́n ti kọjá lọ, tí wọ́n fi ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ fún wa. Kí ìbà wa ṣẹ.



Ní ọdọọdún tí a bá pè wá sí orí ìdúró yìí, ẹsẹ Ifá ni a máa ń kì, tí a sì máa ń túmọ̀. Ní ọdún yìí, a tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà kí a fi ẹsẹ Ifá sílẹ̀ fún àwọn tí yóò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa, kí àwa sì sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí gbogbo wa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá. Ohun náà ni dígí tí ó wà nínú ilẹ̀ Ifẹ̀. A kò ní dígí ojú fèrèsé tàbí dígí tí a fi ń wo ojú lọ́kàn. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ àti àpáàdì dídán tí òjò ń wú jáde ní ẹ̀yìnkùlé wa ni a ní lọ́kàn. A fẹ́ fi hàn pé àwọn nǹkan kékeré wọ̀nyí jẹ́ ẹlẹ́rìí nípa irú ìlú tí Ifẹ̀ jẹ́ nígbà kan, àti pé àwa tí ó yẹ kí a máa ṣọ́ ẹlẹ́rìí náà ni a ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ohun tí òjò ń wú jáde

Ẹni tí ó bá dàgbà ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìgbà èwe wa mọ ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Bí òjò ńlá bá rọ̀, tí àgbàrá sì ti ṣàn kọjá, àwa ọmọdé a tú jáde, a ó máa wo ẹsẹ̀ ògiri àti ojú àgbàrá kiri. Ìlẹ̀kẹ̀ ni a ń wá. Kéékèèké ni wọ́n. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ. Àwọn kan jẹ́ àwọ̀ aró, àwọn kan àwọ̀ ewé, àwọn kan pupa, àwọn kan sì dà bí ìyeyè tí ó pọ́n. A ó sín wọn sórí okùn, a ó fi wọ́n ṣeré, a ó sì sọ wọ́n nù kí òjò mìíràn tó rọ̀.

Pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ náà, a tún máa ń rí àpáàdì kan tí kò jọ àpáàdì ìkòkò ọbẹ̀. Ó nípọn, ó wúwo, inú rẹ̀ sì ń dán bí ẹni pé wọ́n da oyin aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ aró sí i, tí oyin náà sì dì mọ́ ọn lára.

Olúwo wa, ẹni tí a gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti kékeré tí ó sì kọ́ wa ní Ifá, kì í jẹ́ kí a kó irú àpáàdì bẹ́ẹ̀ dà sí ààtàn. Bí a bá ń gbálẹ̀ ní òwúrọ̀ tí a sì rí i, a ní láti gbé e wá fún wọn. Wọ́n ní igbá kan ní ẹ̀gbẹ́ ojúbọ tí wọ́n ń kó o sí. Bí a bá bi wọ́n pé kí ni, wọn a ní, "Ohun Olókun ni." Wọn kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa náà kì í béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ní ìgbà náà, ọmọ awo tí ìbéèrè rẹ̀ bá pọ̀ jù, iṣẹ́ oko ni wọ́n fi ń dá a lóhùn.

Nínú ìtàn tí a bá lẹ́nu àwọn àgbà Ifẹ̀, Olókun Ṣẹ̀níadé jẹ́ aya Odùduwà. Ó lọ́rọ̀ púpọ̀, òun ni ó sì ni iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ṣíṣe. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà ni à ń pè ní Igbó Olókun títí di òní. Ó máa ń ya àwọn tí wọ́n mọ Olókun sí ọba omi òkun nìkan lẹ́nu pé Olókun ní igbó ní Ifẹ̀, ìlú tí ó jìnnà sí òkun. Ṣùgbọ́n Olókun ni ó ni ọrọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ sì ni ọrọ̀ àtijọ́. Ìtàn àwọn àgbà kò ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ.

Ẹni tí ó ń ṣe dígí àti ẹni tí ó ń yọ́ dígí

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí dígí jẹ́. Yanrìn ni dígí, tàbí òkúta funfun tí a lọ̀ di yanrìn, tí iná sì mú yọ́. Yanrìn nìkan kò lè yọ́ nínú iná tí a fi èédú àti ẹwìrì dá. Ó ní ohun tí a gbọ́dọ̀ pò mọ́ ọn tí yóò jẹ́ kí iná borí rẹ̀. Ní Íjíbítì àtijọ́ àti ní àwọn ilẹ̀ tí ó wà nítòsí rẹ̀, iyọ̀ kan tí wọ́n ń wà ní adágún gbígbẹ tàbí eérú àwọn ewéko kan ni wọ́n ń pò mọ́ yanrìn. Ọgbọ́n ńlá ni. Ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n ohun tí yóò pò, bí ó fẹ́ iná títí ilẹ̀ fi mọ́, yanrìn ni yóò bá nínú ìkòkò.

Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ń ṣe dígí láti inú yanrìn, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ń yọ́ dígí tí ẹlòmíràn ti ṣe. Ní Bídá, ní ilẹ̀ Nupe, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní Masagá wà títí di òní. Wọ́n máa ń yọ́ ìgò ọtí tí ó ti fọ́, wọn a sì fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́ tí ó wu ojú. Iṣẹ́ ọlá ni iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí ìgò yọ́ kò ní láti mọ bí wọ́n ṣe ṣe ìgò. Bí ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ ni: ẹni tí ó ra irin lọ́jà kí ó tó rọ ọkọ́ kò ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó wa òkúta nínú ilẹ̀, tí ó sì yọ irin jáde nínú rẹ̀.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ nípa Ifẹ̀ nìyí. Ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí wà níbẹ̀. Gbogbo ayé rí i. Ṣé dígí òkèèrè ni àwọn baba wa ń yọ́ nínú rẹ̀, àbí àwọn ni wọ́n ń ṣe dígí náà láti inú ilẹ̀ tiwọn?

Ohun tí àlejò rí àti ohun tí kò rí

Ní ọdún 1910, ọkùnrin Jámánì kan tí ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ifẹ̀. Ó bá àwọn kòtò ní Igbó Olókun, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wa ìlẹ̀kẹ̀. Òun náà ní kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ fún òun. Ó rí ìkòkò tí dígí bo inú wọn, ó rí ìlẹ̀kẹ̀, ó rí àfọ́kù dígí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ dígí níbẹ̀ rí. Ojú rẹ̀ ríran dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí ẹwà ère Ifẹ̀, kò lè gbà pé ọwọ́ àwọn baba àwọn tí ó bá nílùú ni ó ṣe é. Ó ní àwọn ará Gíríìkì ìgbà láéláé ni wọ́n wá tẹ̀dó sí etíkun wa, ó sì so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ìtàn Atlantis, ilẹ̀ tí òkun bò mọ́lẹ̀. Ó tún kó ohun tí kò yẹ kí ó kó ní àwọn ojúbọ, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà fi ṣe ìwádìí, tí wọ́n sì gba púpọ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn onímọ̀ mìíràn dé. Ní ọdún 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ kan àwọn orí idẹ tí ó sọ Ifẹ̀ di ìlú mímọ̀ káàkiri ayé. Ní ọdún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń palẹ̀ mọ́ fún ilé kíkọ́ ní Ìta Yemòó kan ère idẹ mìíràn, Frank Willett sì gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Àpáàdì ìkòkò dígí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo ojú lọ sára idẹ. Ní ti dígí, èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé àwọn oníṣòwò ni ó gbé dígí wá láti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí láti Yúróòpù, tí àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń yọ́ ọ. Wọ́n gbà fún wa pé a lè yọ́ dígí. Wọn kò gbà pé a lè ṣe é.

Ohun tí ilẹ̀ sọ

Ní ọdún 2006, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinlolu Ige pẹ̀lú James Lankton àti Thilo Rehren gbé àyẹ̀wò kan jáde nínú èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ohun tí ó wà nínú dígí Ifẹ̀. Ohun tí wọ́n rí yàtọ̀. Kálísíọ̀mù pọ̀ nínú dígí náà, ìyẹn ohun kan náà tí ó mú kí egungun àti ìkarahun ìgbín le. Àlùmínà náà pọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ohun tí ó máa ń wà nínú amọ̀ àti nínú ọ̀pọ̀ òkúta wa. Dígí tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ní Íńdíà tàbí ní Yúróòpù kò ní méjèèjì pọ̀ papọ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá ní adùn tí kò sí nínú ọbẹ̀ ará ilé kejì, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ilé kejì ni wọ́n ti bù ú wá.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babátúndé Babalọlá, ọmọ ilẹ̀ wa tí ó jẹ́ awalẹ̀pìtàn, gbẹ́lẹ̀ ní Igbó Olókun ní nǹkan bí ọdún 2011. Kò gbẹ́ ẹ bí àwọn tí ń wa ìlẹ̀kẹ̀ tà. Ó rọra ń ṣí ilẹ̀ ní ìpele ní ìpele, ó sì ń kọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2017, wọ́n sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn rí ju 12,000 lọ. Wọ́n rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpáàdì ìkòkò tí dígí dì mọ́, àti èérún dígí tí ó ṣẹ́kù nídìí iṣẹ́. Àyẹ̀wò ìpele ilẹ̀ náà fi hàn pé láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí ọdún 1500 ni iṣẹ́ náà gbilẹ̀. Ìyẹn ni pé kí ọkọ̀ òkun Yúróòpù kankan tó fojú kan etíkun wa, iná dígí ti ń jó ní Ifẹ̀ fún ìran dé ìran.

Kì í sì í ṣe Ifẹ̀ nìkan. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Ogundiran àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinlolu Ige rí ẹ̀rí iṣẹ́ dígí ti sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún. Ọgbọ́n tí ó ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò tètè kú.

Bí a ṣe ń ka ìlẹ̀kẹ̀ kan

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìlẹ̀kẹ̀ àjogúnbá nílé, ẹ lè wo díẹ̀ nínú ohun tí a ń sọ fúnra yín.

Èkíní, ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìlẹ̀kẹ̀ Igbó Olókun, fífà ni wọ́n fà á. Oníṣẹ́ yóò gbé ìṣù dígí yíyọ́ tí ó ní ihò nínú, wọn yóò fà á nígbà tí ó ṣì gbóná títí yóò fi di ọ̀pá gígùn tí ó ní ihò bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Bí ó bá tutù, wọn yóò gé e wẹ́wẹ́, wọn yóò sì tún mú un yáná díẹ̀ kí etí rẹ̀ tí ó mú lè rọ̀. Ọ̀nà kejì ni kí a wé dígí yíyọ́ mọ́ ara irin, kí a sì yọ irin náà kúrò. Bí ẹ bá fi awò tí ń mú nǹkan tóbi wo inú ìlẹ̀kẹ̀, ẹ ó rí ihò afẹ́fẹ́ tíntìntín tí ó há sínú dígí. Nínú èyí tí a fà, àwọn ihò náà gùn, wọ́n sì dojú kọ ibi tí ihò okùn dojú kọ. Nínú èyí tí a wé, ṣe ni wọ́n yí ihò okùn ká.

Èkejì, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Kóbọ́ọ̀tì ni ó fún ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ ní àwọ̀ aró. Àwọn sẹ̀gi kan sì wà tí ó jẹ́ pé lórí àtẹ́lẹwọ́, àwọ̀ aró ni wọ́n. Bí a bá gbé wọn sókè kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú wọn kọjá, àwọ̀ ewé ni ojú yóò rí. Àwọn àgbà tí wọ́n ń fi sẹ̀gi sí ọrùn ọba àti olóyè kò ṣe bẹ́ẹ̀ lásán.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ibi tí ó rìn dé. Dígí tí ó ní àmì Ifẹ̀ yìí ni àwọn awalẹ̀pìtàn bá ní Gáò àti ní Essouk, ní orílẹ̀-èdè Mali òní, ní ẹnu ọ̀nà aṣálẹ̀ Sàhárà. Wọ́n bá a ní Igbo-Ukwu pẹ̀lú, ní ilẹ̀ Ìgbò. Nígbà tí àwọn Potogí sì dé ìhà Bìní ní òpin sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n bá ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró lọ́jà tí wọ́n ń pè ní kori. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé sẹ̀gi wà nínú wọn. Àwọn Potogí rà á, wọ́n sì gbé e lọ sí etíkun Gánà òní láti fi gba wúrà. Ẹni tí ó wá láti òkèèrè ni ó ń ra ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ wa nígbà náà.

Irú ìlú tí Ifẹ̀ jẹ́

Láti inú ìlẹ̀kẹ̀ kékeré yìí, a lè ro ìlú kan jáde. Ẹnì kan kò lè dá iṣẹ́ dígí ṣe. Amọ̀kòkò ní láti wà tí ó mọ irú amọ̀ tí iná gbígbóná kò ní fọ́. Ẹni tí ń sun èédú ní láti wà nínú igbó. Ẹni tí ó mọ ibi tí òkúta àti yanrìn tí ó yẹ wà ní láti wà. Ẹni tí ń fẹ́ ẹwìrì wà, ẹni tí ó mọ ìwọ̀n àpòpọ̀ wà, ẹni tí ń fà á wà, ẹni tí ń gé e wà, ẹni tí ń sín in wà. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jẹun. Nítorí náà, àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ wà tí oúnjẹ rẹ̀ ju èyí tí ilé rẹ̀ yóò jẹ lọ, ọjà gbọ́dọ̀ wà, àlàáfíà sì gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà. Ọba gbọ́dọ̀ wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Bí a bá gbé èyí ka ẹ̀gbẹ́ àwọn ohun mìíràn tí ilẹ̀ Ifẹ̀ gbé jáde, wọ́n bára mu. Ère idẹ ọba tí wọ́n rí ní Ìta Yemòó kún fún ìlẹ̀kẹ̀ láti orí dé àyà, àwọn ère amọ̀ náà sì gbé ìlẹ̀kẹ̀ sí ọrùn àti ọwọ́. Ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́ wà káàkiri ìlú, èyí tí ìtàn sọ pé Lúwo Gbàgìdá, Ọọ̀ni tí ó jẹ́ obìnrin, ni ó pàṣẹ rẹ̀. Àwọn tí ń tẹ ojú ọ̀nà, tí ń dà idẹ, tí ń fa dígí: ìlú oníṣẹ́ ọwọ́ ni Ifẹ̀. Nígbà tí a bá ń sọ pé Ifẹ̀ ni orísun, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan ni. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni pẹ̀lú.

Ẹ sì wo ọwọ́ òsì wa, ẹ̀yin awo. Ìdè Ifá ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Kúbà, wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù. Síbẹ̀, àwọn ọmọ Ifá níbẹ̀ ń so ìdè aláwọ̀ ewé àti ìyeyè mọ́ ọwọ́ òsì títí di òní, wọ́n sì ń pè é ní ìdè. Orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ náà kò sọnù ní ẹnu wọn. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ tí a ń fi ṣe ìdè, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ilé-iṣẹ́ òkèèrè ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ báyìí. Òmíràn kì í tilẹ̀ ṣe dígí, ike ni.

Ẹ̀bi tiwa

Ó yẹ kí a sọ ohun tí àwa fúnra wa ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni à ń bá wí.

Nígbà tí Olúwo wa papò dà, ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ti ń wó. Àwa ọmọ awo wọn kó owó jọ láti tún un kọ́, a sì pe bíríkìlà. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n kan àpáàdì dídán, ó tó agbọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀kan nínú àwọn ìkòkò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ odindi; ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó bù. Bíríkìlà bi wá pé kí ni kí òun fi wọ́n ṣe. Òkúta gbówó lórí ní ọdún náà. A ní kí ó fi kún ìpìlẹ̀. Ó fi òòlù fọ́ wọn, ó sì pò wọ́n mọ́ kọnkéré. Igbá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ náà bá a lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀; àwa tí a mọ̀ kò sọ̀rọ̀. Owó wa ni a fi san iṣẹ́ náà.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn èyí, nígbà tí a gbọ́ ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí ní Igbó Olókun, a padà lọ sí ilé náà, a sì jókòó sí ojú pèpéle. Ilé náà dúró dáadáa. Ohun tí Olúwo ń tọ́jú láti ìgbà èwe wa wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè kà á mọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé àpáàdì kò tán nílẹ̀ Ifẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àpáàdì nìkan ni a pàdánù. Ibi tí ó wà, ohun tí ó wà lókè rẹ̀, ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èédú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Ó yẹ kí èyí tètè yé babaláwo. Bí a bá tẹ odù sórí ìyẹ̀rosùn, tí ẹnì kan sì gbọn ọpọ́n náà kí a tó kà á, ìyẹ̀rosùn kò sọnù. A lè kó gbogbo rẹ̀ jọ padà. Ṣùgbọ́n odù ti lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tí ó wú ìlẹ̀kẹ̀ kúrò nínú ilẹ̀ tí kò kọ ibi tí ó ti wú u ṣe ń gbọn ọpọ́n Ifẹ̀ dànù.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Lónìí, ilé ti yí Igbó Olókun ká, ó sì ti wọ inú rẹ̀. A kò lè sọ fún ènìyàn pé kí ó má kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ohun díẹ̀ wà tí ó wà ní agbára wa.

Ẹni tí ó bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, kànga tàbí ṣáláńgá ní Ifẹ̀ tí ó sì kan àpáàdì dídán tàbí ìlẹ̀kẹ̀, kí ó dá ọwọ́ dúró díẹ̀. Kí ó fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà nínú ilẹ̀. Kí ó wọn bí ó ti jìn tó, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ó ránṣẹ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, tàbí sí àwọn olùkọ́ ìwalẹ̀pìtàn ní yunifásítì. Kò ní gbà ju wákàtí kan lọ.

Kí a má ta ìlẹ̀kẹ̀ ilẹ̀ fún àwọn tí ń rà á lọ sókè òkun. A mọ̀ pé ebi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé, a kò sì bú ọmọ tí ó fi ìlẹ̀kẹ̀ ra búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń san fún un níhìn-ín kò tó nǹkan, òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba ìwé àṣẹ.

Ẹ̀yin Olúwo tí ẹ ní ọmọ awo lọ́dọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè. Olúwo wa tọ́jú àpáàdì náà nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ohun ọ̀wọ̀ ni. Àwa sọ ọ́ nù nítorí pé wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa, àwa náà kò sì wá ìdí rẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí kò ní àlàyé kì í kọjá ìran kan.

Ọ̀kan tí ó kẹ́yìn: kí a má fi irọ́ kún òtítọ́. A ti ń gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé Ifẹ̀ ni ó kọ́ gbogbo ayé ní dígí ṣíṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Íjíbítì àti àwọn ará ilẹ̀ ìlà-oòrùn ti mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ohun tí ilẹ̀ Ifẹ̀ jẹ́rìí sí ni pé àwọn baba àti ìyá wa fi òkúta tiwọn àti ọgbọ́n tiwọn ṣe dígí tí kò jọ ti ẹlòmíràn, àti pé ayé rìn wá rà á lọ́wọ́ wọn. Èyí tó wa í yangàn.

Bí ọdún yìí bá parí tí ẹ sì padà sílé, tí òjò bá rọ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri yín. Bí ọmọdé bá mú ìlẹ̀kẹ̀ kan wá fún yín, ẹ bi í léèrè ibi tí ó ti rí i, kí ẹ sì bá a lọ wo ibẹ̀.

Kí Olókun má jẹ́ kí ọrọ̀ wa wọmi. Kí Ọ̀rúnmìlà jẹ́ kí a mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa kí a tó kọ́lé lé e. Ẹ̀mí wa yóò ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé. Àṣẹ.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.